Ìtọ̀ Ẹ̀jẹ̀ àti Àwọn Àlejò Tó Ní Ká Wá Bá Wọn Ṣèwádìí

                                                  Agbo-ilé Oyèdìran,
                                                  Ìlobù,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Mọ́ríátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àlàáfíà kó wà pẹ̀lú ìwọ àti gbogbo ará ilé rẹ o. Bàbá Tọ̀yìbátù ń kọ́? Ṣé orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti gbọ́ oògùn? Àwọn ìbejì ń kọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o fojú kan oorun? Ìlọrin ń kọ́, ọjà aṣọ ń kọ́? Mo mọ̀ pé ọyẹ́ ti ń kanlẹ̀kùn, eruku àti aṣọ funfun kò sì ṣọ̀rẹ́ rí. Ọlọ́run yóò máa dúró tì yín. Ara àwa náà le, a dúpẹ́. Bàbá Fisáyọ̀ ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo láràárọ̀, èmi náà ṣì ń bá àwọn ọmọ kíláàsì kẹta mi jìjàkadì lórí ìsọdipúpọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí o pè mí, o ní ohùn kan ń lọ káàkiri lórí Wasáàpù pé wọ́n ń gba ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ní Ìfọ́n, wọ́n sì ń kó o lọ tà. O ní síbẹ̀, Alhaja ìyá rẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ Tọ̀yìbátù ọmọ rẹ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ìfọ́n wò, àfi kí ìwọ tí o bí i fọwọ́ sí i. O wá bi mí bóyá wọ́n ti fi nǹkan yí Alhaja lórí ni. Mo dákẹ́, o sì rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló lọ. Mọ́ríátù, kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Ìyá ọkọ mi ló jókòó tì mí, ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé, kí n lè rò fún ọ bó ṣe jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí láti ìgbà ìjà ilẹ̀ tó wáyé láàárín Ìlobù wa àti Ìfọ́n tiyín. Ariwo ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò tíì wálẹ̀. Ẹni tó ń lọ sóko ń wẹ̀yìn wò. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò funfun kan wọ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ògiri ilé onílé, wọ́n sì ń na fóònù sójú sánmà bí ẹni ń wọn ilẹ̀. Kí wọ́n tó dé ìparí àdúgbò wa, gbogbo ènìyàn ti ń sọ ọ́ pé àwọn ará Ìfọ́n ló rán wọn wá ka ilé wa fún ilé ẹjọ́. Nígbà tó yá ni mo tó gbọ́ lẹ́nu Alhaja pé ní Ìfọ́n náà, wọ́n ní àwa Ìlobù ló rán wọn. Ìlú méjì tí kì í fẹnu kò lórí ohunkóhun, lórí èyí wọ́n fẹnu kò: àwọn àlejò yìí kò wá fún ire. Ọ̀pọ̀ obìnrin bu omi, wọ́n fọ nọ́ńbà náà kúrò lára ògiri wọn. Èmi náà fọ tèmi.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn ìlú. Ọ̀gá àwọn àlejò náà jáde, obìnrin ni, ọ̀dọ́ ni, Dókítà Máyọ̀wá Adéjọbí lorúkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà bó ṣe yẹ, ó ní àwọn wá ṣe ìwádìí nípa àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń jẹ́ kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ó ní inú omi ni àwọn ọmọ ti ń kó o. Ó ní àwọn kò fẹ́ kí a jókòó máa wòran. Àwọn fẹ́ kí a jẹ́ alábàáṣiṣẹ́pọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Bàbá Ọládèjì, àgbà àgbẹ̀ tí oko wọn kángun sí odò, dìde.

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ ní a ó jọ ṣe é. Ìgbà wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?”

“Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni, sà.”

“Ta ló mú ọjọ́ yẹn?”

Dókítà ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò.

“Ilé tẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ń kọ́? Ta ló yàn wọ́n?”

“Àwa ni, sà.”

“Ẹ ti se ọbẹ̀ tán, ẹ wá ní ká wá bá yín já ẹ̀fọ́.”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò ní ìdùnnú nínú. Bàbá ní nígbà kan àwọn kan wá sí ilé-ìwé, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ sínú ìgò kéékèèké, wọ́n ní àwọn yóò padà wá sọ ohun tí àwọn rí. “Àwọn ọmọ yẹn ti ń bímọ báyìí,” ni wọ́n wí, “a ò tíì rí ẹnì kan.” Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní wọ́n fẹ́ sọ àwọn ọmọ wa di àgàn. Òmíràn ní àbí kí ló dé tó jẹ́ odò tó wà lórí ilẹ̀ ìjà gan-an ni wọ́n ń bèèrè ọ̀nà rẹ̀. Ìpàdé tú. Ìlú pinnu pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún wọn ní ohunkóhun.

Èmi náà pàtẹ́wọ́ sí ìpinnu yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ará ìta kankan kò mọ̀ wà nínú ilé mi.

Ṣé o rántí Fisáyọ̀, àbíkẹ́yìn mi, tó máa ń jókòó lé ọ lẹ́sẹ̀? Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ìpàdé yẹn ni mo rí ẹ̀jẹ̀ lára pátá rẹ̀. Mo rò pé nǹkan oṣù ni, ó kàn yá jù ni. Ṣùgbọ́n kò ṣe bí nǹkan oṣù. Bó ti ń tọ̀ ló ń yọ, ọmọ á sì di ara ògiri mú. Mo bi í, “Kí ló ṣe ọ́? Níbo lo máa ń lọ?” Ó ní òun kò lọ síbì kankan. Mo tún bi í, ó dákẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Ìyá ọkọ mi, tí a ń pè ní Màmá Àgbà, rí aṣọ náà níbi tí mo sá a sí. Wọ́n pè mí wọ yàrá. Wọ́n ní, “Tóyọ̀sí, ọmọ yìí ti mọ ọkùnrin.” Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni.” Wọ́n ní, “Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ọ́ pé ta ni.” Nígbà tí àwọn àlejò lẹ bébà ìkéde wọn mọ́ ara ògiri, tí ẹnì kan sì kà á fún Màmá, ẹ̀kọ ò ṣojú mímu mọ́. “Àtọ̀sí! Ẹ ò rí i? Ṣé inú omi ni wọ́n ti ń kó àtọ̀sí ni? Ara ọkùnrin ni!” Láti ọjọ́ yẹn, Màmá kò gba omi lọ́wọ́ Fisáyọ̀ mọ́. Bí ọmọ bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á ní ebi kò pa àwọn.

Ọkọ mi ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ẹni tó wọ ṣòkòtò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Kingsley, àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ará ibí ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí i sí. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lẹ́yìn ilé-ìwé. Bàbá Fisáyọ̀ lọ bá a níwájú àwọn ọmọ, ó ní kò gbọdọ̀ tún pe ọmọ òun mọ́ láé. Kò sọ ìdí. Ìwọ náà mọ ìlú wa: ìdí tí a kò bá sọ, àwọn ènìyàn á fúnra wọn wá a. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí kò sí ọmọ kankan lọ́dọ̀ Kingsley mọ́, tí àwọn géńdé kan sì ń dúró wo ilẹ̀kùn rẹ̀ bí wọ́n bá ń kọjá. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ohun tí ìfura ń ṣe níhìn-ín. Èmi àti ìwọ ti rí i nígbà ìjà ilẹ̀.

Ní òru kò sí oorun, ní ọ̀sán kò sí ìsinmi. Níkẹyìn mo mú Fisáyọ̀ lọ́wọ́, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilé ìwòsàn tí Dókítà Máyọ̀wá ń dé sí. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mo ní, “Mi ò wá fún ìwádìí yín o. Mo kàn fẹ́ bi yín ní nǹkan kan ni.” Ó ní kí n jókòó. Kò bi èmi léèrè ohunkóhun. Ó yíjú sí ọmọ, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, “Fisáyọ̀, odò wo lo ti máa ń wẹ̀?”

Kò bi í bóyá ó ń wẹ̀. Ó bi í pé odò wo. Ọmọ mi bú sẹ́kún.

“Màmi ní a ò gbọdọ̀ débẹ̀,” ló ń wí. “Wọ́n ní wọ́n lè pa wá níbẹ̀. Ẹ má sọ fún Dádì.”

Mọ́ríátù, odò tó wà láàárín ìlú wa àti tiyín ni. Àwa ń pè é ní orúkọ kan, ẹ̀yin ń pè é ní òmíràn. N kò ní kọ èyíkéyìí síhìn-ín kí èmi àti ìwọ má bàa tún ṣe tiwa. Láti ìgbà ìjà la ti ka odò náà léèwọ̀ fún àwọn ọmọ. Wọ́n ń lọ ṣáá. Fisáyọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá lọ wẹ̀ níbẹ̀ bí ooru bá mú, wọ́n ń ṣa ìṣáwùrú létí omi. Ohun tó ń fi pa mọ́ fún wa kò ju ìyẹn lọ.

Dókítà fi ọ̀pá kan wọn bó ṣe ga kó lè mọ iye oògùn tó yẹ ẹ́, ó sì kà á fún mi. Ojú mi ṣì le. Mo ní, “Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?”

“Kò sí nǹkan kan, mà.”

“Ẹ ò ní gba ìtọ̀ rẹ̀?”

“Ìlú ní ká má gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò ní gbà á lẹ́yìn ìlú.”

O rò pé ọkàn mi balẹ̀? Rárá o. Mo gbé oògùn náà lọ sí kẹ́míìsì kan ní Òṣogbo, mo purọ́ pé mo rí i nínú àpò ọmọ mi, mo ní kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́ fún mi. Ọkùnrin ibẹ̀ ní oògùn ìtọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni, kí n rí i pé ọmọ jẹun kó tó lò ó. Nígbà tí mo délé, mo tún gé díẹ̀ lára ọ̀kan jẹ wò. Ó korò ju jogbo lọ! Ìgbà tí n kò kú ni mo tó fún ọmọ. Òòyì kọ́ ọ, ó bì, mo sì ń gégùn-ún fún ara mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ gaara.

Nígbà náà ni mo padà sọ́dọ̀ Dókítà, mo sì ní, “Ẹ yọ orúkọ yẹn kúrò.” Mo ṣàlàyé fún un pé kò sí ìyá tó máa fa ọmọbìnrin rẹ̀ jáde láàárín ọjà pé kí wọ́n wá yẹ àtọ̀sí rẹ̀ wò. Ó bojú. Ó ní orúkọ tí àwọn bá nínú ìwé ni, kò wá sí òun lọ́kàn bó ṣe ń dún létí ìyá. Ó ní ṣé mo lè bá òun kó àwọn obìnrin jọ, kí àwọn fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́.

Mo kó wọn jọ, Bàbá Ọládèjì sì wá jókòó tì wá. A ní kí wọ́n máa pè é ní ìtọ̀ ẹ̀jẹ̀. A ní kí wọ́n mú Ìfọ́n mọ́ ọn, nítorí bí wọ́n bá ṣe é ní Ìlobù nìkan, wọ́n á ní àwa la dá àrùn sínú omi. A ní ohun tí wọ́n bá rí, àwa ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún, ní èdè wa, ní ọjọ́ kan náà ní ìlú méjèèjì. A ní kí wọ́n fún gbogbo ọmọ tó bá ní in ní oògùn. A ní kí wọ́n gbẹ́ kànga fún wa. Dókítà ní òun yóò lọ bá àwọn ọ̀gá òun ní Èkó.

Ó padà dé, àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀. Níwájú gbogbo wa ló ti sọ ọ́ pé wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àkókò ti lọ, pé ìlú kì í kọ́ onímọ̀ ní iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin hó lé e lórí. Bàbá Ọládèjì ní kí a dákẹ́. Wọ́n ní, “Ó ṣáà lè parọ́ fún wa. Kò parọ́.” Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àwọn ọmọ sì ń tọ ẹ̀jẹ̀ lọ. Mo ń wo àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń tọrọ àyè jáde lemọ́lemọ́, inú mi ń bàjẹ́. Kí ẹ̀yin èèyàn má rò pé ó rọrùn láti sọ pé rárá. Nígbà tó yá, tí wọ́n rí i pé a kò ní yí ìpinnu wa padà, Èkó gbà. Kànga nìkan ni wọn kò gbà. Títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí, wọn kò ṣèlérí kànga.

Òṣogbo ni a ti pàdé àwọn tiyín, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ wọ ìlú ẹnì kejì. Àwa jókòó lọ́tùn-ún, wọ́n jókòó lósì. Mo rí Alhaja láàárín wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n fi orí nìkan dá mi lóhùn. A ti fẹnu kò pé obìnrin kan láti Ìlobù àti ọ̀kan láti Ìfọ́n ni yóò máa jókòó ti àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n pàrọ̀ ìtọ̀ ọmọ òun. Àwọn tiyín yan Alhaja. Àwọn tiwa yàn mí.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, èmi àti Alhaja jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ìtọ̀ àwọn ọmọ. Alhaja ní àwọn kò ní gba ohun tí àwọn kò bá fojú ara àwọn rí. Dókítà fa àga fún wọn. Wọ́n bọ awò ojú wọn, wọ́n tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà. Ohun tó wà níbẹ̀ rí bí hóró ìrẹsì tó ní ẹ̀gún nídìí.

“Ta ló ni èyí?”

“Ìlobù ni, mà.”

“Mú ti Ìfọ́n wá.”

Wọ́n mú un wá. Alhaja wò ó pẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n dá ti àkọ́kọ́ padà, wọ́n tún wò ó. Wọ́n wá sún fún mi, wọ́n ní, “Ìwọ náà wò ó, kí ó má baà jẹ́ pé ojú mi ni.” Mo wò ó. Hóró ìrẹsì kan náà ni, pẹ̀lú ẹ̀gún kan náà.

Alhaja fi ìborùn nu ojú. Láìwò mí, wọ́n ní, “Tóyọ̀sí, ó mà pẹ́ tí o ti wá kí mi o.”

Mo ní, “Ẹ̀rù ló ń bà mí, mà.”

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà.”

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó fi nǹkan yí ìyá rẹ lórí. Ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá jábọ̀, Dókítà fúnra rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn wa, igbákejì rẹ̀ sì wà ní Ìfọ́n ní wákàtí kan náà. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó ní in, àwọn ọmọbìnrin sì pọ̀ níbẹ̀ bí ọkùnrin. Ó ní kò kan ìṣekúṣe rárá, omi ni, ìṣáwùrú sì ni kòkòrò náà ń gbé inú rẹ̀ kó tó wọ ara ọmọ. Màmá Àgbà wà níbẹ̀. Mo rí i tí wọ́n dìde kí ìpàdé tó parí, tí wọ́n ń fi ọ̀pá wọn wá ọ̀nà ilé. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti pe Fisáyọ̀, wọ́n ní kó bu omi wá fún àwọn. Ọmọ gbé e wá, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ ife náà.

Ó ní, “Màmá Àgbà, ṣé ẹ ti gbà pé mi ò purọ́?”

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́ ife náà. Wọ́n ní, “Mo gbà, ọkọ mi. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọ.” Wọ́n mu omi náà tán pátá. Ní ti Kingsley, Bàbá Fisáyọ̀ lọ bá a, ó sì tọrọ àforíjì níta gbangba níbi tó ti kọ́kọ́ dójú tì í. Kingsley ní òun gbọ́. Kò ní òun dárí jì í. Àwọn ọmọ díẹ̀ ti ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn.

Bá mi kí Bàbá Tọ̀yìbátù, kí o sì fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Kí àwọn alájọtà rẹ tó mọ̀ mí. Fisáyọ̀ ní kí n kí ọ, Bàbá rẹ̀ náà ń kí yín.

N kò sọ pé kí o fọkàn tán àwọn olùwádìí o. Èmi kò tíì fọkàn tán wọn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé ni mo ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, wọn kì í sì bínú mọ́. Fọwọ́ sí i, jẹ́ kí Alhaja jókòó tì wọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó débẹ̀ rárá, ìwọ fúnra rẹ pe Tọ̀yìbátù. Má pariwo mọ́ ọn, má sì bi í bóyá ó ń lọ sódò. Bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé báwo ni ìtọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Bó bá ní kò sí nǹkan kan, má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Dúró díẹ̀, kó gbọ́ pé o ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ìjà ìlú kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ,

Tóyọ̀sí Oyèdìran